Nígbà tí áńtẹ́nà bá ní nọ́ńbà méjì: bí a ṣe ń ṣírò SWR

Láti nǹkan bí ọdún 2019 tí ẹ̀rọ kékeré tó ń wọn áńtẹ́nà, tí wọ́n ń pè ní NanoVNA, ti gbòde, irú ìwọ̀n tó jẹ́ pé iléeṣẹ́ ńláńlá ló sábà ń ṣe é tẹ́lẹ̀ ti dé ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́, ó ti dé ọwọ́ àwọn tó ń fi àmì ìpè 5N sọ̀rọ̀ lórí afẹ́fẹ́ láti Nàìjíríà, ó sì ti dé ọwọ́ oníṣẹ́ tó ń gun òpó rédíò FM. Ẹ so ó mọ́ áńtẹ́nà, ẹ ó rí ìdáhùn lójú ẹsẹ̀. Ohun tó ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú ni pé ìdáhùn náà kì í ṣe nọ́ńbà kan ṣoṣo. Méjì ni, lẹ́tà j sì wà láàárín wọn: 30 + j40.

Ibẹ̀ ni àríyànjiyàn ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹnìkan á ní kébù wa jẹ́ 50 ohm, áńtẹ́nà jẹ́ 30, ẹ fi 30 pín 50, SWR (nọ́ńbà tó ń sọ bí áńtẹ́nà ṣe bá kébù mu tó, 1 ló dára jù) jẹ́ 1.67, ọ̀rọ̀ parí. Ẹnìkejì, tó ti jókòó ti ìwé díẹ̀, á ní rárá, ẹ ò gbọdọ̀ fojú fo 40 yẹn. 30 lọ́nà 30 jẹ́ 900. 40 lọ́nà 40 jẹ́ 1,600. Àpapọ̀ wọn jẹ́ 2,500, √ rẹ̀ sì jẹ́ 50 géérégé. Kébù 50, áńtẹ́nà 50: SWR jẹ́ 1, kò sí àbùkù kankan lára áńtẹ́nà yìí. NanoVNA ní tirẹ̀ ń sọ pé 3 ni.

Ẹ̀rọ náà ló tọ̀nà. Àwọn méjèèjì ló ṣìnà, àṣìṣe ẹnìkejì ló sì léwu jù, nítorí ìṣirò tó dán mọ́rán ló fi dé ibi tí kò tọ́, ẹni tó bá gbà á gbọ́ á sì fi áńtẹ́nà tó ń dá agbára padà sílẹ̀ lórí òpó pé ó dára. Mo fẹ́ kí a rí ibi tí 3 yẹn ti wá, láìlo ìṣirò kankan tó kọjá èyí tí fóònù lè ṣe.

Kí ni "50 ohm" tí wọ́n kọ sára kébù?

Kébù tó ń gbé agbára láti inú transmitter, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń rán ìgbì rédíò jáde, lọ sí áńtẹ́nà ni ìwé ń pè ní transmission line. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni coax: wáyà kan láàárín, ọ̀rá funfun tó yí i ká, wáyà híhun tó tún yí ọ̀rá náà ká, àti awọ dúdú níta. RG-58 àti RG-213 jẹ́ 50 ohm. RG-6, tó ń sọ̀kalẹ̀ láti ara díìṣì tẹlifíṣọ̀n wọ pálọ̀, jẹ́ 75 ohm.

Tí ẹ bá fi multimeter wọn wáyà àárín sí wáyà ìta nígbà tí ohunkóhun kò sí ní òdìkejì, ẹ ò ní rí 50. Á sọ fún yín pé kò sí ọ̀nà tí iná lè gbà kọjá rárá. Ìdí ni pé 50 yìí kì í ṣe ìdènà tó wà nínú bàbà. Àjọṣe tó wà láàárín fóltéèjì àti kọ́ráǹtì ìgbì tó ń rìn nínú kébù ló ń sọ. Bí ìgbì kan bá ń lọ sí apá kan ṣoṣo, níbikíbi tí ẹ bá ti dá a dúró wò, fóltéèjì rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po 50 kọ́ráǹtì rẹ̀, àwọn méjèèjì sì ń gòkè, wọ́n ń sọ̀kalẹ̀ ní àkókò kan náà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi apá ìkẹyìn gbólóhùn yẹn sọ́kàn, torí òun gan-an ni ẹnìkejì wa gbàgbé.

Bí wáyà àárín ṣe nípọn tó, bó ṣe jìnnà sí wáyà ìta tó, àti irú ọ̀rá tó wà láàárín wọn ló ń pinnu nọ́ńbà náà. Gígùn kò sí níbẹ̀. Mítà kan RG-58 jẹ́ 50 ohm, ọgọ́rùn-ún mítà rẹ̀ náà jẹ́ 50 ohm. Nínú ìṣirò, Z0 ni wọ́n ń kọ.

Kí ló ń padà bọ̀ láti orí áńtẹ́nà?

Ẹ mú okùn gígùn kan, kí ẹlòmíràn di òdìkejì rẹ̀ mú. Ẹ ju ọwọ́ sókè lẹ́ẹ̀kan: ìgbì kan á sáré lọ lára okùn náà. Ká ní ògiri la so òpin okùn mọ́, ìgbì á dé ibẹ̀, á dorí kodò, á sì padà sọ́dọ̀ yín pẹ̀lú gbogbo agbára tó gbé lọ. Ṣùgbọ́n tí ẹni tó dì í mú bá ń jẹ́ kí ọwọ́ òun tẹ̀lé ìgbì náà ní ìwọ̀n tó yẹ, tí kò le jù, tí kò sì dẹ̀ jù, ọwọ́ rẹ̀ á gba gbogbo rẹ̀, nǹkankan ò ní padà. Ọ̀pọ̀ áńtẹ́nà wà láàárín ògiri àti ọwọ́ yìí: wọ́n ń gba díẹ̀, wọ́n ń dá díẹ̀ padà.

Transmitter kì í ju ọwọ́ lẹ́ẹ̀kan kó sinmi. Lórí FM 100 MHz, ìgbà mílíọ̀nù 100 ló ń jù ú láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Èyí tó ń lọ àti èyí tó ń bọ̀ á wá máa pàdé. Ní àwọn ibì kan lórí kébù, wọ́n ń gòkè papọ̀, fóltéèjì ibẹ̀ á ga. Ní àwọn ibòmíràn, ọ̀kan ń gòkè nígbà tí èkejì ń sọ̀kalẹ̀, wọ́n á sì gé ara wọn kù. Ohun ìyanu ibẹ̀ ni pé, bí àwọn ìgbì méjèèjì ṣe ń sáré tó yẹn, ibi gíga àti ibi rírẹlẹ̀ wọ̀nyí kì í kúrò lójú kan. Ìgbì adúrósójúkan nìyẹn, òun ni Heinrich Hertz sì lò ní Karlsruhe, ní Jámánì, ní 1888, láti wọn gígùn ìgbì rédíò nígbà tí ayé kò tíì mọ ohun tí wọ́n á fi rédíò ṣe.

SWR ni ohun tí ẹ máa rí tí ẹ bá fi fóltéèjì ibi tó rẹlẹ̀ jù pín fóltéèjì ibi tó ga jù. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ jẹ́ ká fi iye sí i: wáàtì 100 tó ń lọ nínú kébù 50 ohm ní fóltéèjì bíi 70.7. Tí ìdajì fóltéèjì yìí, 35.35, bá padà, ibi tí méjèèjì ti ròpọ̀ á jẹ́ 106, ibi tí wọ́n ti gé ara wọn kù á jẹ́ 35.35. Ẹ pín in, ẹ ó rí 3. Tí nǹkankan ò bá padà, 70.7 ni gbogbo ibi lórí kébù, SWR á jẹ́ 1. Tí gbogbo rẹ̀ bá padà, ibi tó rẹlẹ̀ jù á di òdo, SWR kò sì ní lópin.

Nítorí náà, ìbéèrè kan ṣoṣo ló kù: ìdá mélòó nínú fóltéèjì tó lọ ló padà? Ìdá yẹn ni wọ́n ń fi lẹ́tà Gíríìkì Γ kọ, tí wọ́n ń pè ní gamma. Tí ẹ bá ti mọ bó ṣe tóbi tó, ẹ fi 1 kún un, ẹ tún yọ ọ́ kúrò nínú 1, ẹ wá fi ti ìkejì pín ti àkọ́kọ́:

SWR = (1 + Γ) ÷ (1 − Γ)

Bí Γ bá jẹ́ 0.5, 1.5 ÷ 0.5 = 3.

Kí ni j40 ń wá níbẹ̀?

Nọ́ńbà àkọ́kọ́, 30, ni wọ́n ń pè ní resistance, R. Ohun tó ń gba agbára tí kì í dá a padà nìyẹn. Nínú áńtẹ́nà tó dára, èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tó gbà ń fò sáfẹ́fẹ́, ìwọ̀nba díẹ̀ ń di ooru.

Nọ́ńbà kejì, 40, ni reactance, X. Èyí kì í jẹ agbára. Ó ń gbà á, ó ń fi í pamọ́ fún ìgbà kúkúrú, ó sì ń dá a padà. Ẹ padà sórí okùn wa. Dípò kí ẹnìkan di òpin rẹ̀ mú, ẹ so òkúta mọ́ ọn, òkúta tó lè máa gòkè kó máa sọ̀kalẹ̀. Yóò lọ́ra kó tó gbéra, tó bá sì gbéra tán, kò ní fẹ́ dúró. Tàbí kẹ̀, ẹ so ó mọ́ sípíríìnì tó máa nà, tó sì máa sún kì padà. Òkúta kò gbé nǹkankan mì, sípíríìnì kò gbé nǹkankan mì, gbogbo agbára tí wọ́n gbà ni wọ́n ń dá padà fún okùn. Kọ́ìlì ló ń ṣe bí òkúta nínú iná, X rẹ̀ sì ní àmì +. Kapásítọ̀ ló ń ṣe bíi sípíríìnì, àmì tirẹ̀ jẹ́ −. Áńtẹ́nà dipole (wáyà títọ́ tí kébù so mọ́ láàárín) tó gùn díẹ̀ ju bó ṣe yẹ máa ń ṣe bíi kọ́ìlì, èyí tó kúrú díẹ̀ á ṣe bíi kapásítọ̀.

Kí wá ni iṣẹ́ lẹ́tà j? Ó ń kìlọ̀ fún wa pé 40 kò sí lórí ìlà kan náà pẹ̀lú 30, nítorí ìdámẹ́rin ìyípo kan ló wà láàárín àkókò àwọn méjèèjì. Lórí bébà, ẹ fa ìlà 30 sí ọwọ́ ọ̀tún, lẹ́yìn náà ẹ fa 40 lọ sókè láti òpin rẹ̀. Ojú ibi tí ẹ dé ni áńtẹ́nà yín wà. Ọdún 1893 ni Arthur Kennelly àti Charles Steinmetz, ní Amẹ́ríkà, gbé ọ̀nà kíkọ yìí wọ inú iṣẹ́ iná mànàmáná, a kò sì tíì rí èyí tó rọrùn jù ú lọ.

Báwo wá ni ìṣirò náà ṣe ń lọ?

Ohun tó wà ní ìparí kébù, yálà áńtẹ́nà ni tàbí nǹkan mìíràn, ni ìwé ń kọ ní ZL. Òfin tó ń sọ ìdá tó padà ni èyí:

Γ = (ZL − Z0) ÷ (ZL + Z0)

ZL wa jẹ́ 30 + j40, Z0 jẹ́ 50. Z0 kò ní j, nítorí náà 30 nìkan ló kàn. 40 á dúró síbi tó wà.

Lókè: 30 − 50 jẹ́ −20. Ó ku −20 + j40.

Nísàlẹ̀: 30 + 50 jẹ́ 80. Ó ku 80 + j40.

Ní báyìí, tí a ti yọ, tí a sì ti rò tán, la tó lè wọn gígùn. Ti òkè: 20 lọ́nà 20 jẹ́ 400, 40 lọ́nà 40 jẹ́ 1,600, àpapọ̀ 2,000, √ rẹ̀ jẹ́ 44.72. Ti ìsàlẹ̀: 80 lọ́nà 80 jẹ́ 6,400, ẹ fi 1,600 kún un, 8,000, √ rẹ̀ jẹ́ 89.44. Ẹ fi 89.44 pín 44.72: 0.5. SWR jẹ́ 3.

Fún ẹni tí kò fẹ́ rí Γ lójú rárá, ọ̀nà kan wà tí mo fẹ́ràn ju èyí lọ, torí j kò sí nínú rẹ̀ mọ́:

A = √[(R + Z0)² + X²]

B = √[(R − Z0)² + X²]

SWR = (A + B) ÷ (A − B)

Níbí, A jẹ́ 89.44, B jẹ́ 44.72. Àròpọ̀ wọn jẹ́ 134.16, ìyàtọ̀ wọn jẹ́ 44.72, ìpín wọn jẹ́ 3. Ẹ kọ ọ́ sí ẹ̀yìn ìwé iṣẹ́ yín. Ẹ ó sì ṣàkíyèsí pé X lọ́nà X kò bìkítà bóyá àmì + tàbí − ló wà níwájú rẹ̀: 30 − j40 náà á fún yín ní 3. Ìgbà tí ẹ bá fẹ́ tún áńtẹ́nà náà ṣe ni àmì yẹn á wá ní ìtumọ̀.

Ibo ni "50" ẹnìkejì ti tàsé?

Òun náà lo √, òun náà ka 40 kún un. Àmọ́ ó wọn gígùn áńtẹ́nà kó tó fi wé kébù. Bó ṣe wọn ọ́n tán, ó ti ju ìtọ́sọ́nà nù, nọ́ńbà kan lásán ló kù lọ́wọ́ rẹ̀. Lóòótọ́, fóltéèjì orí áńtẹ́nà yìí jẹ́ ìlọ́po 50 kọ́ráǹtì rẹ̀, bí kébù ṣe fẹ́. Ṣùgbọ́n kébù fẹ́ kí méjèèjì gòkè papọ̀, kí wọ́n sì sọ̀kalẹ̀ papọ̀. Lórí áńtẹ́nà yìí, kọ́ráǹtì ń pẹ́ lẹ́yìn fóltéèjì ní digíríì 53 nínú 360. Ọwọ́ tó di okùn mú lágbára ní ìwọ̀n tó tọ́, ó kàn ń pẹ́ kó tó gbéra ni, ìgbì sì ń padà bọ̀.

Tí iyèméjì bá ṣì wà, ẹ mú òpin ọ̀rọ̀ náà wò. Ẹ jẹ́ kí ohun tó wà lórí kébù jẹ́ kọ́ìlì nìkan, R jẹ́ òdo, X jẹ́ 50. Nípa ìṣirò ẹnìkejì, 50 ni gígùn rẹ̀, SWR jẹ́ 1, kò sí ohun tó dára tó o. Ẹ wá ṣe A àti B: àwọn méjèèjì jẹ́ √(2,500 + 2,500), ìyẹn 70.7. A − B jẹ́ òdo. SWR kò lópin. Bó sì ṣe yẹ kó rí nìyẹn, nítorí òkúta lásán la so mọ́ òpin okùn: gbogbo ohun tó lọ ló máa padà.

Ọ̀nà ẹni àkọ́kọ́, pé kí á kàn fi kékeré pín ńlá, ń ṣiṣẹ́ nígbà kan ṣoṣo, ìyẹn nígbà tí X bá jẹ́ òdo. Áńtẹ́nà 100 ohm lórí kébù 50 jẹ́ 2. Áńtẹ́nà 25 ohm náà jẹ́ 2. Bí j bá ti yọjú báyìí, ẹ gbàgbé rẹ̀.

Dipole tí gbogbo ayé ń ṣe ńkọ́?

Wáyà tínínrín tí gígùn rẹ̀ jẹ́ ìdajì gígùn ìgbì gẹ́lẹ́, tó jìnnà sí ilẹ̀ àti sí gbogbo nǹkan, jẹ́ 73 + j42.5. Ọ̀pọ̀ èèyàn mọ 73, wọn ò mọ 42.5. Ẹni tó bá mọ 73 nìkan á retí 73 ÷ 50, ìyẹn 1.46. Ẹ ṣe é bó ṣe yẹ: A jẹ́ 130.1, B jẹ́ 48.3, SWR jẹ́ 2.18. Lórí kébù 75 ohm, níbi tí ẹ ti lè rò pé ó bára mu tán, 1.76 ni, kì í ṣe 1.

Ìdí nìyí tí àwọn tó ń ṣe dipole fi ń gé wáyà náà kù ní nǹkan bí ìdá 5 nínú 100. Dípò kí wọ́n fi MHz pín 150, 143 ni wọ́n ń pín. Fún 7.1 MHz, wáyà mítà 21.1 á di mítà 20.1. Mítà kan tó kúrò yẹn ló pa j run, SWR á sì bọ́ sí nǹkan bí 1.4. Gíga tí wáyà wà sí ilẹ̀ tún máa ń yí àwọn nọ́ńbà wọ̀nyí, nítorí náà ẹ má gé e tán kí ẹ tó gbé e sókè wọ̀n.

Tí a bá wọ̀n ọ́n níbòmíràn lórí kébù ńkọ́?

Mo rọ̀ yín kí ẹ fara balẹ̀ síbí, torí apá yìí ló ń dá ìjà sílẹ̀ jù láàárín àwọn oníṣẹ́. Áńtẹ́nà wa ṣì jẹ́ 30 + j40, orí 100 MHz la wà. Lójú afẹ́fẹ́, ìgbì yìí gùn ní mítà 3. Nínú RG-213, ó ń rìn ní ìdá 66 nínú 100 eré rẹ̀ lójú afẹ́fẹ́, nítorí náà gígùn rẹ̀ nínú kébù jẹ́ bíi mítà 1.98. Ìdá kan nínú mẹ́jọ rẹ̀ jẹ́ bíi sẹ̀ǹtímítà 25.

Ẹ sọ̀kalẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 25 láti ẹnu áńtẹ́nà sí ọ̀nà transmitter, ẹ gé kébù níbẹ̀, ẹ wọ̀n ọ́n: 150 ohm, j ti pòórá. Ẹ tún sọ̀kalẹ̀ ní 25 mìíràn: 30 − j40, àmì ti yí padà. Ẹ sọ̀kalẹ̀ sí i: 16.7 ohm, j kò sí. Ní ẹ̀ẹ̀kẹrin, ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 99, ẹ ti padà sí 30 + j40, gbogbo rẹ̀ á sì tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe yàtọ̀ síra tó: 150, 16.7, méjì tó ní j. Ẹ wá ṣírò SWR ọ̀kọ̀ọ̀kan. 150 ÷ 50 jẹ́ 3. 50 ÷ 16.7 jẹ́ 3. Àwọn tó ní j, a ti ṣe é, 3 ni wọ́n. Impedance, ìyẹn R àti X papọ̀, ń yí padà ní gbogbo ìgbésẹ̀, SWR kò yẹ̀ níbì kankan. Àtẹ róbótó tí Phillip Smith ti Bell Labs gbé jáde ní oṣù Ṣẹẹrẹ 1939, tí Tosaku Mizuhashi ti ṣe irú rẹ̀ ní Japan ní 1937, kò ṣe nǹkan mìíràn ju pé ó ya ìrìn yìí sórí bébà: SWR kan náà jẹ́ òbìrìkìtì kan, ìdajì gígùn ìgbì sì jẹ́ ìyípo kan.

Nítorí náà, nígbà tí ẹnìkan bá ń gé kébù díẹ̀díẹ̀ pé òun ń wo SWR sàn, ohun tó ń yí padà ni impedance tí transmitter ń rí. Ó ṣeé ṣe kó bọ́ sí ibi tó tẹ́ transmitter náà lọ́rùn, àmọ́ SWR inú kébù wà bó ṣe wà. Tí ẹ̀rọ yín bá sì fi hàn pé SWR fúnra rẹ̀ ń yí púpọ̀ bí gígùn kébù ṣe ń yí, ẹ fura. Ó ṣeé ṣe kí kọ́ráǹtì ti máa rìn lára ìta kébù, kí kébù yín sì ti di apá kan áńtẹ́nà.

Kí ló dé tí kébù tó ti gbó fi ń fi SWR dáadáa hàn?

Gbogbo ohun tí mo sọ lókè yìí, kébù tí kì í jẹ agbára ni mo fi ṣe é. Kébù tòótọ́ ń jẹ ẹ́, èyí tí omi ti wọ̀ sì ń jẹ ẹ́ gan-an. Ká ní ìdajì agbára ń ṣègbé lójú ọ̀nà. Wáàtì 100 kúrò nísàlẹ̀, 50 dé áńtẹ́nà. Áńtẹ́nà 30 + j40 wa dá ìdá kan nínú mẹ́rin padà, ìyẹn 12.5, nítorí 0.5 lọ́nà 0.5 jẹ́ 0.25. Ìdajì ìyẹn náà ṣègbé nígbà tó ń bọ̀ wálé, wáàtì 6.25 ló dé ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ SWR tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ transmitter. Ẹ fi 100 pín 6.25, ẹ wá √ rẹ̀: 0.25. SWR tí ẹ máa kà jẹ́ 1.67, nígbà tí 3 wà lókè.

Èyí tó burú ju ìyẹn lọ tún wà. Bí kébù bá ń jẹ ìdá 90 nínú 100, tí áńtẹ́nà sì ti já bọ́ pátápátá, wáàtì 10 á dé òkè, gbogbo rẹ̀ á padà, wáàtì 1 á sì dé ilé. Γ jẹ́ 0.1. Ẹ̀rọ á kọ SWR 1.22 síwájú yín, kò sì sí áńtẹ́nà kankan níbẹ̀. Bí kébù bá gùn tàbí tó bá ti gbó, ẹ gun òkè lọ wọ̀n ọ́n lẹ́nu áńtẹ́nà. Bí gbígbé ẹ̀rọ náà gun òkè kò bá ṣeé ṣe, òpin kébù tó wà lókè ni kí a ti so àwọn ìdérí ìdánwò mẹ́ta tó bá NanoVNA wá (open, short àti load) mọ́ ọn nígbà tí a bá ń ṣètò ẹ̀rọ náà kó tó wọn nǹkan, kí ó lè yọ ohun tí kébù ń ṣe kúrò nínú ìdáhùn rẹ̀.

Ṣé SWR 3 burú?

Nínú agbára tó bá lọ, SWR 1.5 ń dá ìdá 4 nínú 100 padà, 2 ń dá 11 padà, 3 ń dá 25 padà. Ohun tó padà kì í ṣègbé tán lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ẹ̀rọ tuner, tó ń mú kí kébù bá transmitter mu, bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ transmitter, ó lè rán an lọ sókè padà. Kébù ló ń bù ú jẹ ní àlọ àti àbọ̀. Lórí kébù kúkúrú tó mọ́ ní 7 MHz, 3 kì í ṣe ọ̀ràn ńlá. Lórí kébù gígùn ní 100 MHz, ó ń náni lówó, ọ̀pọ̀ transmitter òde òní sì máa ń dín agbára ara wọn kù bí SWR bá ti ń kọjá nǹkan bí 2, kí wọ́n má bàa jóná.

Báwo la ṣe lè tún 30 + j40 ṣe?

Kọ́kọ́ pa j. X wa jẹ́ +40, ohun tó ń ṣe bíi kọ́ìlì, nítorí náà kapásítọ̀ ló máa bá a wọ̀jà. Ní 100 MHz, kapásítọ̀ bíi 40 pF jẹ́ −j40. Ẹ fi í sí ojú ọ̀nà wáyà àárín níbi tí kébù ti wọ áńtẹ́nà. +40 àti −40 pa ara wọn, ó ku 30 ohm. SWR di 50 ÷ 30, ìyẹn 1.67, nọ́ńbà tí ẹni àkọ́kọ́ pè kí àkókò rẹ̀ tó tó. Ká ní àmì X jẹ́ − ni, kapásítọ̀ yẹn kan náà á sọ wàhálà di ìlọ́po méjì.

Lẹ́yìn náà, ẹ sún 30 súnmọ́ 50. Ègé kébù tí gígùn rẹ̀ jẹ́ ìdámẹ́rin gígùn ìgbì lè ṣe é, bí Z0 tirẹ̀ bá jẹ́ √(30 lọ́nà 50), ìyẹn 38.7. Wọn kì í ta irú kébù bẹ́ẹ̀ lọ́jà. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá so kébù 75 ohm méjì papọ̀, àárín mọ́ àárín, ìta mọ́ ìta, ẹ ti ní 37.5. Tó bá jẹ́ irú èyí tí ọ̀rá rẹ̀ kì í ṣe fóòmù, ẹ gé ọ̀kọ̀ọ̀kan sí bíi sẹ̀ǹtímítà 49.5. 37.5 lọ́nà 37.5, ẹ fi 30 pín in: 46.9 ohm. SWR di 1.07.

100 MHz nìkan ni 1.07 yìí wà fún. Ní 88 tàbí 108, áńtẹ́nà, kapásítọ̀ àti ègé kébù á yí padà lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ ó sì ní láti tún ìṣirò ṣe. Kí kapásítọ̀ náà sì jẹ́ èyí tó lè gba iṣẹ́: wáàtì 100 tó ń wọ 30 ohm ń gbé kọ́ráǹtì 1.83 A kọjá nínú rẹ̀, fóltéèjì tó wà lórí rẹ̀ sì ń ga dé bíi 103 ní góńgó. Kapásítọ̀ wẹ́wẹ́ tí a tú lára rédíò àtijọ́ lè má pẹ́ níbẹ̀ kó tó gbóná, kí ó sì yí iye rẹ̀ padà, SWR á sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè nígbà tí ètò ń lọ lọ́wọ́.